Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Lórí Ojú Irin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń ga títí tí yóò fi wó, kó fa àpótí súnmọ́ ìhín, kó jókòó, kó sì pa ẹnu mọ́. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Hezekiah Olúsànyà ni. Nígbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn, tí a ṣì ń rò pé àlejò ni wọ́n, kọ́ńpìnnì òyìnbó kan la ojú irin kékeré kan láti Òkè Bọ́lá lọ sí Abà Àjàdí. Máìlì mẹ́fà péré ni. Kòkó, iṣu, epo, àti àwọn obìnrin ọlọ́jà ló ń kó. Ibà wá mú òyìnbó tó ń ṣe ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílùú wọn, wọ́n sì kọ̀wé sí Olúsànyà, tí í ṣe akọ̀wé rẹ̀, pé kó máa bá a tọ́jú àga títí yóò fi padà dé. Kó tọ́jú àga ni wọ́n kọ. Olúsànyà kà á pé wọ́n fi òun joyè.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ní kí wọ́n kọ pátákó tuntun sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì: HEZEKIAH OLÚSÀNYÀ, Ọ̀GÁ PÁTÁPÁTÁ, ALÁKÒÓSO IRIN, IGI ÀTI ÈÉFÍN. Pátákó náà gùn ju ẹnu ọ̀nà lọ, wọ́n fi apá kan kọ́ sára ògiri ilé ìyàgbẹ́.

Láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí i. Bí kò bá tíì dé, fìlà òyìnbó rẹ̀ kan wà lára ìṣó. Wọn á dọ̀bálẹ̀ kí fìlà. Fàsásì, ẹni tí ń wa ẹ́ńjìnnì, ní òun fẹ́ràn àtikí fìlà ju àtikí onífìlà lọ, nítorí fìlà kì í bi èèyàn ní ìbéèrè.

Ẹnìkejì Olúsànyà ni Àkíbù, ọmọ Bẹyẹrunkà kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé, tíkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi ń jẹun gan-an ni yíyin ọ̀gá. Bí Olúsànyà bá sín, Àkíbù á gbọ́wọ́ létè. Á ní, "Ọ̀gá! Irú sísín báyìí! Òyìnbó tó gbé yín síṣẹ́ gan-an kò sín tó bẹ́ẹ̀ rí."

Olúsànyà á sì tún sín.

Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe, ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ kó tó kà á. Ó ní, "Mo ti wò ó, mo sì ti rò ó. Kò bójú mu, kò bá ọ̀làjú mu, kò sì dùn mọ́ mi, pé kí ènìyàn pàtàkì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ńlá àti oníṣu tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kékeré máa sá eré kan náà. Láti òní lọ, kọ́ọ̀ṣì àwọn ènìyàn pàtàkì yóò máa sá máìlì ogún ní wákàtí kan. Ti àwọn ọlọ́jà, máìlì méjìlá. Ẹni tó bá sá ju ipò rẹ̀ lọ, n óò jẹ ẹ́ níyà."

Fàsásì nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀wọ̀n kan náà ló so gbogbo kọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì kan."

"Ìwọ dírẹ́bà, o ò mọ òfin."

"Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n yẹn náà kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ògiri. Kò sẹ́ni tó takò ó, kò sì sẹ́ni tó pa á mọ́. Ọkọ̀ ń bá máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ lọ. Ìbàdàn mọ bí wọ́n ṣe ń bá irú òfin bẹ́ẹ̀ gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di gidi ni ìgbà tí lẹ́tà dé láti Èkó pé Ọ̀gá Àgbà kọ́ńpìnnì ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olúsànyà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọ bàtà tó ń dún, ó sì gun àpótí kòkó kan nínú ọgbà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin abẹ́ ẹsẹ̀ mi! Ẹ yí ojú yín ká Ìbàdàn. Láti Mápó títí dé Bẹẹrẹ, ta ni wọ́n ń pè ní ènìyàn ńlá? Ẹni tó kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni! Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ta ló mọ orúkọ rẹ̀? Ó wá yẹ kí èmi, tí mo kàwé títí tó fi rẹ ìwé, kí n jókòó nínú kọ́ọ̀ṣì tí orí mi àti orí oníṣu ń ṣe déédéé? Ó tì o! Mo fẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì lórí ojú irin! Kí Ọ̀gá Àgbà dúró nílẹ̀, kó gbójú sókè wò mí!"

Àkíbù bú sẹ́kún. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní ayọ̀ ni, pé ìyá òun kú láìrí irú ọjọ́ yìí.

Wọ́n pe Gàníyù. Káfíńtà ni, ọmọ Pópó Yemọja. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti la ojú irin náà, òun ló ń kan kọ́ọ̀ṣì, òun ló ń tún un ṣe. Kò kàwé, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kọjá, yóò ti mọ kẹ̀kẹ́ tó ń ké. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni yóò máa rìn."

"Jẹ́jẹ́ bí i ti ta ni?"

"Ọ̀gá, ẹ ti rí àwọn oníkòkò tí wọ́n ń to ìkòkò mẹ́wàá léra lórí kan. Ẹni tó ru ẹyọ kan lè sáré. Ẹni tó ru mẹ́wàá, bó bá dé kọ́nà, ẹ ó rí i tó ń rọra yí. Nítorí kí ni? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yà, ẹrù òkè kò tíì gbọ́. Ọ̀nà tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ló ṣì fẹ́ máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ọ̀ṣì. Ojú irin tiwa yìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ ni àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó pa ẹsẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá ga bí ọ̀pẹ, kò gbọdọ̀ sáré. Ẹ́ńjìnnì lè sá ogójì, Ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń sọ iye eré. Kọ́ọ̀ṣì ló ń sọ ọ́."

Olúsànyà bojú wò ó láti orí àpótí.

"Gàníyù, èmi lo ń fi wé oníkòkò?"

"Rárá o, Ọ̀gá. Ìkòkò ni mo fi yín wé."

Wọ́n yọ owó ọjọ́ mẹ́ta lára owó iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Gàníyù kan kọ́ọ̀ṣì náà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Igi fífúyẹ́ ló fi ṣe òkè. Ó kó òkúta ńláńlá sábẹ́ pákó ìsàlẹ̀, láàárín kẹ̀kẹ́, kí ìdí lè wúwo ju orí lọ. Sípíríǹgì líle ló fi sí i, kó má baà máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó rò ó pé bó bá rí báyìí, tí Fàsásì bá rọra, yóò lọ, yóò bọ̀.

Ni Olúsànyà bá wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó rí òkúta.

"Òkúta! Nínú kọ́ọ̀ṣì èmi! Ṣé mo sọ fún ọ pé mò ń mọ odi ni?" Wọ́n kó òkúta jáde.

Ó gun òkè, ó jókòó, wọ́n ti kọ́ọ̀ṣì síwájú díẹ̀, ìdí dùn ún. Ó ní kí wọ́n yọ sípíríǹgì líle kúrò, kí wọ́n wá èyí tó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Wọ́n yọ ọ́.

Ó wá wo yàrá òkè, ó ní ó ṣófo bí ilé tálákà. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì onírin kan gòkè, wọ́n gbé àpótí aṣọ onígi ìrókò tí ọkùnrin mẹ́fà gbé, wọ́n gbé aago tó ga ju ènìyàn lọ, àti àwo ìwẹ̀ olókùúta kan tí òyìnbó tó ṣàìsàn fi sílẹ̀. Àkíbù bi í pé ta ni yóò jókòó nísàlẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni kankan. Ó ní ẹni tí òun bá jókòó lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó tó bẹ́ẹ̀, òun kò sì tíì rí i nílùú yìí. Nítorí náà ìsàlẹ̀ ṣófo, òkè kún.

Gàníyù sọ fún Fàsásì lábẹ́ igi ọ̀dán tí wọ́n ti ń jẹun. "Ṣé o rí i? A ti kó ìdí rẹ̀ jáde. A ti di irin lé e lórí. A tún wá fún un ní orúnkún tó rọ̀."

"Mélòó ni kó sá?"

"Mẹ́jọ. Ó parí. Bó o bá dé kọ́nà Ìdí Aró, sọ̀ kalẹ̀, kó o máa fi ọwọ́ fà á."

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, máìlì márùn-ún ni Fàsásì sá. Kọ́ọ̀ṣì náà ń fì bí ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n ó dúró. Gbogbo Òkè Bọ́lá jáde wá wò ó. Olúsànyà juwọ́ láti ojú fèrèsé òkè, ó dà bí ẹyẹ tí wọ́n dè mọ́ ilé.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Àkíbù kúnlẹ̀. "Ọ̀gá, káfíńtà ní yóò wó. Kò wó! Ọlá yín ló dì í mú."

"Mo kíyè sí i," ni Olúsànyà wí. "Bí mo ṣe tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ló dúró ṣinṣin."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ní ẹnìkan tí ń sọ irú èyí fún yín láràárọ̀, ẹ̀yin náà ẹ ó gbà pé ẹ̀yin lẹ ń mú òrùlé dúró.

Ó wá pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Àgbà bá dé, kó dúró pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá ní Òkè Bọ́lá. Òun Olúsànyà yóò ti Abà Àjàdí wá nínú pẹ́tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn ọlọ́jà, ní ìṣẹ́jú méjìlá. Máìlì ọgbọ̀n ní wákàtí kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kọ́ńpìnnì ni pé káfíńtà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iye eré tí kọ́ọ̀ṣì tuntun lè sá. Ó pe Gàníyù wọ ọ́fíìsì, ó tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Gàníyù káfíńtà jẹ́rìí pé kọ́ọ̀ṣì yìí lè sá máìlì ọgbọ̀n láìséwu.

"Tẹ ìka rẹ síbí."

"Ọ̀gá, mẹ́jọ ni."

"Ọgbọ̀n ni mo kọ."

"Ẹ bá mi yí i sí mẹ́jọ."

"Yíǹkì ti gbẹ."

Gàníyù wo ìwé náà bí ẹni ń wo ejò. Olúsànyà fún un di ọ̀la. Ó ní bí kò bá tẹ̀ ẹ́, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, káfíńtà mìíràn wà lọ́nà tí yóò tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, Sìdí. Sìdí ń ta epo. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wọ ọkọ̀ náà láti Abà Àjàdí, òun àti bí ogójì obìnrin. Ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tí Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀.

Sìdí ní, "Bàbá Mojọlá, ẹ jẹ́ kó yé mi. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó sì wó ńkọ́?"

"Wọn á ní èmi ni mo ní ó lè sáré. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgodi ni. Mi ò mọ iye ọdún."

"Bẹ́ ẹ bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹlòmíràn á tẹ̀ ẹ́. Á wá fi kọ́ọ̀ṣì náà síwájú, níbi tí wọ́n ti máa rí i dáadáa. Bó bá wó níwájú, ẹ̀yìn á gùn ún. Ẹ̀yin ni ẹ̀yìn."

Sìdí ń fọ ìgò epo. Ó fọ̀ ọ́ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ má ní kí n má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rí i lójú yín. Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ́mọ."

"Mi ò tíì sọ nǹkankan."

"Ẹ kúkú fẹ́ sọ ọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Gàníyù padà sí ọ́fíìsì. Ó ní òun yóò tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n òun fẹ́ bẹ Ọ̀gá ohun kan ṣoṣo. Kí kọ́ọ̀ṣì Ọ̀gá wà lẹ́yìn pátápátá.

Àkíbù fò sókè. "Lẹ́yìn kẹ̀! Ọ̀gá wa ni yóò gbẹ̀yìn? Gàníyù, orí rẹ pé?"

Gàníyù kò wò ó. Olúsànyà ló ń wò. "Ọ̀gá, bí Baálẹ̀ bá ń jáde, ta ní ń ṣíwájú? Àwọn ọmọdé ni, àti àwọn tí ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà. Ẹlẹ́ṣin á tẹ̀lé wọn. Ìgbà tí gbogbo ayé bá kọjá tán ni Baálẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ti rí Baálẹ̀ tó ṣíwájú rí? Ẹni tó ṣíwájú, ìránṣẹ́ ni."

Àkíbù rọra padà jókòó.

Olúsànyà gbá tábìlì. "Bí mo ṣe rò ó láti àná nìyẹn."

Gàníyù tẹ ìka rẹ̀. Olúsànyà ká ìwé náà, ó kì í bọ àpò àyà. Gàníyù mọ̀ pé ọrùn òun ló kì bọ ibẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Ní Abà Àjàdí, àwọn ọlọ́jà ti kún inú kọ́ọ̀ṣì méjì iwájú, iṣu lábẹ́ ẹsẹ̀, adìẹ lórí itan. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì wà lẹ́yìn wọn, wọ́n kùn ún ní pupa àti wúrà. Olúsànyà wọ kóòtù funfun, ṣòkòtò funfun, bàtà funfun. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, Bertha, ẹni tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní aṣọ rírán ní ìjọ.

"Bertha, máa gòkè."

"Mi ò gòkè o."

"Kí ni n óò wí fún Ọ̀gá Àgbà?"

"Ẹ ní mò ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Eṣinṣin bà lé nǹkan yẹn láàárọ̀ yìí, mo rí i tó mì."

"Obìnrin, ṣé o ò nígbàgbọ́ nínú ọkọ rẹ?"

"Ọlọ́run ni mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀. Òun náà kò sì ní kí n gun ibẹ̀." Ó ká bùbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Olúsànyà yíjú sí Àkíbù. Àkíbù ti di ikùn mú. Ó ní inú ń run òun, pé bí òun bá gòkè, òun lè ba nǹkan ọlọ́lá jẹ́. Ó sá wọ kọ́ọ̀ṣì àwọn ọlọ́jà, ó jókòó sáàárín agbọ̀n ẹ̀fọ́.

Sìdí wò ó. "Àkíbù, ṣebí ọlá ọ̀gá ló ń dì í mú? Kó dì ọ́ mú lókè ńkọ́?"

"Inú rírun kì í gbọ́ ọlá, ìyá mi."

"Ó san lójijì."

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀."

Báyìí ni Olúsànyà ṣe dá gòkè. Ó ti so agogo kan mọ́ okùn gígùn tó dé ọ̀dọ̀ Fàsásì. Bí agogo bá dún, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kó sáré sí i. Fàsásì bi í pé èwo ni ti ìdúró. Ó ní òun kò ní nílò ìyẹn.

Gàníyù dúró lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú Fàsásì. Òun náà wọ̀ ọ́, níwájú.

Wọ́n gbéra. Mẹ́jọ ni Fàsásì ń sá. Agogo dún. Ó gbé e sí mẹ́wàá. Agogo dún. Ó gbé e sí méjìlá. Agogo kò sinmi mọ́, ó dà bí ìgbà tí ilé ń jó.

"Mo gbọ́," ni Fàsásì ń wí fún agogo. "Mo gbọ́, bàbá."

"Má sá a," ni Gàníyù wí.

"Àwọn ọmọ mi ń jẹun, Gàníyù. Ó ní bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú méjìlá, kí n má wá mọ́." Ó gbé e sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níbi tí ọkọ̀ ọlọ́jà máa ń sá lójoojúmọ́ láìséwu. Òun náà rò pé òun ti ṣe déédéé.

Wọ́n dé Ìdí Aró. Ibẹ̀ ni ojú irin ti yà gba ẹ̀yìn àgbàlá àwọn aláró, níbi tí ìkòkò aró ti tò lọ bẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì yà. Kọ́ọ̀ṣì ọlọ́jà kìn-ín-ní yà. Èkejì yà, nítorí ó kúrú, ìdí rẹ̀ sì kún fún iṣu. Kẹ̀kẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà yà. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ kò tíì gbọ́.

Sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Àpótí ìrókò rìn láti ògiri kan dé èkejì, aago tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀dì tẹ̀lé aago. Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Sìdí yọrí lójú fèrèsé, ó rí i tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀wọ̀n àárín wọn yí, ó ké, ó já. Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Ọ̀gá Pátápátá wá rọra dùbúlẹ̀ sí àgbàlá aláró bí àgbàlagbà tí oorun ọ̀sán ń kùn, agogo ń dún títí dé ilẹ̀, ó ní kí wọ́n máa sáré sí i.

Ọkọ̀ ọlọ́jà dúró. Wọ́n ka orí ara wọn. Wọ́n pé. Adìẹ kan ló sá lọ.

Ọkùnrin kan ti ojú fèrèsé òkè fò jáde bí òkúta inú kànnàkànnà, ó sì bọ́ sínú ìkòkò aró ńlá kan dé àyà. Ìyá àgbà Sẹ̀gilọlá, ẹni tó ni ìkòkò náà, fi ọ̀pá gbún un.

"Ta ló wà nínú aró mi?"

"Èmi ni… èmi Ọ̀gá Pátápátá ni."

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan kóòtù rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn wò. "Ọmọ mi, o kánjú. Aró yìí kò tíì kan. Bó o bá ti mú sùúrù di ọ̀túnla ni, ìbá mú ọ dáadáa."

Ní Òkè Bọ́lá, àwọn ọmọ ilé-ìwé ti kọ orin ìkíni wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkọ̀ ọlọ́jà ti dé, kò sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn wákàtí kan, Olúsànyà fẹsẹ̀ rìn dé, ó dúdú bí aró láti àyà dé bàtà, ó sì na ọwọ́ sí Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà wo ọwọ́ náà, ó fi tirẹ̀ sápò.

Ọjọ́ kẹta ni ìwádìí. Gbogbo Pópó Yemọja ti ń bá Sìdí kẹ́dùn, nítorí Olúsànyà ti ń rìn kiri láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ pé káfíńtà ló fẹ́ pa òun, àti pé ìka káfíńtà wà nínú ìwé. Gàníyù ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó ti sọ fún Sìdí ibi tí owó tó fi pamọ́ fún Mojọlá ọmọ wọn wà. Ó wẹ̀, ó kírun, ó lọ. Sìdí tẹ̀lé e, ó dúró sábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì.

Ọ̀gá Àgbà jókòó pẹ̀lú kálàmù, ògbufọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúsànyà bẹ̀rẹ̀ lédè òyìnbó, ó tún wá sọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Sà, mo jẹ́ ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Káfíńtà yìí ló fi ìka rẹ̀ jẹ́rìí pé kọ́ọ̀ṣì náà lè sá ọgbọ̀n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló sá, ó wó. Ìka rẹ̀ nìyí." Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì.

Ọ̀gá Àgbà wo ìka, ó wo Gàníyù, ó wo ìka. Gàníyù ń wo ilẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń rìn lọ sí Àgodi.

Ọ̀gá Àgbà wá sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń tú u. "Ó ní òun ti lọ wo kọ́ọ̀ṣì náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní ogún ọdún lòun ti wà nídìí rélùwéè, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní orí tó ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe orí lásán. Ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ olórí náà sílẹ̀." Ọ̀gá Àgbà na kálàmù sí Gàníyù. "Ó ní, ṣé ìwọ ni?"

Ẹ wo Olúsànyà nísinsìnyí. Kò níṣẹ́ kankan láti ṣe. Kó pa ẹnu mọ́ ni. Ewúrẹ́ lè ṣe é. Ká ní ó pa ẹnu mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, Gàníyù ìbá dáhùn bí káfíńtà, pé òun lòun kàn án, wọn ìbá sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú. Ó di ẹnu, ó di àyà, ọrùn rẹ̀ wú. Ó wo káfíńtà tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó wo kálàmù tó fẹ́ kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olórí pípé.

Ó bẹ́.

"Òun kẹ̀! Sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rẹ́ yín jẹ! Eléyìí tí kò mọ A! Èmi ni! Èmi nìkan ni mo ro pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà! Káfíńtà yìí kò tilẹ̀ fẹ́ ẹ, ó ní mẹ́jọ ni kó sá!"

Kálàmù ń lọ lórí ìwé. "Ó ní, àti òkúta tí wọ́n rí nínú ọgbà?"

"Òun ló kó o sí i, èmi ni mo kó o jáde!"

"Sípíríǹgì rírọ̀ ńkọ́?"

"Ọgbọ́n orí mi ni!"

"Àti ọgbọ̀n máìlì?"

"Mo ti kọ ọ́ kó tó tẹ ìka! Yíǹkì ti gbẹ! Àkíbù, sọ fún wọn!"

Àkíbù dìde. Inú rẹ̀ ti san. "Òótọ́ ni, sà. Gbogbo rẹ̀ pátá, òun nìkan ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́." Láti ọjọ́ tó ti ń yin ọ̀gá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò purọ́.

Ọ̀gá Àgbà yí ìwé sí Olúsànyà pé kó fọwọ́ sí i. Olúsànyà ní ojú ìwé náà kò gba oyè òun tán. Wọ́n fún un ní òmíràn. Ó kọ ọ́ tán, ó fà á nílà nísàlẹ̀, ó tún tẹ̀síwájú sórí ọ̀rọ̀ aago, nítorí òun náà ló yan aago.

Ọ̀gá Àgbà rọra bá ògbufọ̀ sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ ní kí Gàníyù máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, àti pé láti òní, kó máa kọ iye eré kọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, wọn yóò wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Ó ní Olúsànyà kì í ṣe òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn. Olúsànyà kò gbọ́. Ó ti dé orí àwo ìwẹ̀.

Gàníyù jáde. Sìdí sáré pàdé rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án lápá wò bóyá ó wà lódindi.

"Bàbá Mojọlá, kí lẹ sọ fún wọn?"

"Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan. Ọ̀gá wa ò jẹ́ kí n dáhùn."

"Ẹ ò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Gàníyù bojú wẹ̀yìn wo fèrèsé. "Mo fẹ́ dúpẹ́. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ ni."